Ọjọ́ Kan Nínú Fọ́tò Kan

Ní ọdún 2015, Stephen Wilkes, ayafọ́tò ará Amẹ́ríkà, gun ibi gíga kan jókòó ní Serengeti, lórílẹ̀-èdè Tanzania, ó sì fi wákàtí 26 ya ibi omi kan ṣoṣo, kò yẹ kámẹ́rà nídìí. Ó ṣa díẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ fọ́tò tó yà, ó tò wọ́n mọ́ra di ẹyọ kan. Ọ̀sán wà níbẹ̀, òru náà wà níbẹ̀. Ìgbà ọ̀dá ni, síbẹ̀ erin, erinmi àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà ń pín omi kan náà láìjà. Ẹni tó bá pe fọ́tò náà nírọ́ nítorí pé àwọn ẹranko náà ò dé lẹ́ẹ̀kan náà, èmi ò bá a gbà. Fọ́tò ìṣẹ́jú kan ì bá fi èyí tó pọ̀ jù pa mọ́ fún wa. Ẹ wá a wò, ẹ má kánjú.