Ta Ló Bẹ́ Orí?



Ní ìpàdé wa tó kọjá, arábìnrin wa kan tó ń gbọ́ wa lórí fóònù láti Lọ́ńdọ̀nù béèrè ìmọ̀ràn. Ó ní omi tó yí ọpọlọ òun ká ń ti agbárí òun ju bó ti yẹ lọ. Bí òun bá bẹ̀rẹ̀ tí òun sì nàró, ojú òun a ṣú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Etí òun a sì máa hó bí ọkàn òun ṣe ń lù. Àwọn dókítà rẹ̀ so àìsàn náà mọ́ ìsanra rẹ̀, wọ́n sì dábàá iṣẹ́ abẹ tí yóò sọ àpòlùkù rẹ̀ di kékeré. Kò tí ì sọ̀rọ̀ tán tí ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa fi pa á lówe: orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ẹlòmíràn fi kún un pé bí kò bá ya ọ̀lẹ, tó sì dín oúnjẹ kù, ara rẹ̀ yóò fúyẹ́. Arábìnrin náà dúpẹ́, ó pa fóònù. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ pé ó ti sún ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà síwájú. Mo wà níbẹ̀, mo sì dákẹ́. Gbèsè ìdákẹ́ yẹn ni mo ń san níhìn-ín.

Òwe tí àgbà pa kò burú. Ìwòsàn tó burú ju àìsàn lọ ni ó ń kìlọ̀ fún. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó pa á, ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ bí àìsàn náà ṣe burú tó.

Agbárí àgbà kì í fẹ̀ sí i. Bí omi inú rẹ̀ bá ń tì, ó ń tì dé ara iṣan tó so ojú mọ́ ọpọlọ. Ibi tí iṣan náà ti wọ ẹyinjú a wú. Dókítà tó bá tan iná sínú ojú a rí i. Bí wíwú náà bá pẹ́, iṣan a bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ìríran tó bá sì bá a lọ kì í padà. Àwọn obìnrin tó sanra, tí wọ́n ṣì wà ní ọjọ́ orí ìbímọ, ni ó sábà ń mú.

Orúkọ wà lára ohun tó sọ ọ̀rọ̀ yìí di yẹpẹrẹ. Heinrich Quincke, ará Jámánì, ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1893. Ní 1904, Max Nonne pè é ní kókó èké inú ọpọlọ, nítorí pé ó ń ṣe bíi kókó, bẹ́ẹ̀ ni kò sí kókó kankan níbẹ̀. Ní 1955, Foley fi ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "aláìléwu" pè é. Aláìléwu, àìsàn tó ń fọ́ni lójú! Ó pẹ́ kí àwọn oníṣègùn tó kọ orúkọ náà sílẹ̀. Àwa náà kò sàn jù wọ́n lọ. "Ìfúnpá" tí a ń lò fún ti ẹ̀jẹ̀, fífún apá ni, ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe sí apá wa nílé ìwòsàn. Bí a bá wá sọ pé ẹnì kan ní "ìfúnpá inú orí", àgbo ẹ̀jẹ̀ ríru ni àwọn èèyàn yóò sáré lọ sè fún un. Àìsàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Ní ti ọ̀lẹ, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n ṣe ní Bìrìtéènì. Alexandra Sinclair ti Yunifásítì Birmingham àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó obìnrin 66 jọ tí àìsàn yìí ń bá jà, wọ́n sì tẹ àbájáde wọn jáde ní 2021. Wọ́n fi ìdajì wọn sí ọ̀nà iṣẹ́ abẹ. Wọ́n fi ìdajì yòókù sínú ẹgbẹ́ Weight Watchers, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni bí a ṣe ń jẹun àti bí a ṣe ń fọn. Abẹ́rẹ́ tí a gún sí ẹ̀yìn ìbàdí ni a fi ń wọn ìtì omi náà. Bí ó bá ti kọjá sẹ̀ǹtímítà 25, ó ti pọ̀ jù. Nǹkan bí 35 ni tiwọn ní ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, ti àwọn oníṣẹ́ abẹ fi sẹ̀ǹtímítà 6 kéré sí ti àwọn yòókù. Ní ọdún kejì, àlàfo náà ti di 8.2, ti ìwọ̀n ara sì ti kọjá kílò 26. Ṣé gbogbo àwọn obìnrin tó wà nínú ẹgbẹ́ kejì ni ọ̀lẹ? Wọ́n ní olùrànlọ́wọ́ tí arábìnrin wa kò rí láàárín wa.

Láti inú ìwádìí kan náà ni a ti rí i pé kí ìtì omi náà tó wálẹ̀ déédéé, ó ń béèrè pé kí ènìyàn pàdánù nǹkan bí ìpín 24 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀. Obìnrin tó wọn kílò 110 yóò fọn tó kílò 26, kò sì gbọdọ̀ gbà á padà. Kí ẹni tó pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà gbé òṣùwọ̀n sílẹ̀ kó dán an wò fún ọdún méjì.

N kò sọ pé idán ni. Ẹni tó ṣe é yóò máa lo fítámì títí ayé, orí lè ṣì máa fọ́ ọ nígbà mìíràn. Bí ojú bá sì ń yára lọ, a kì í dúró de ìfọn. Iṣẹ́ abẹ mìíràn wà tí wọ́n fi ń wá ọ̀nà fún omi náà kíákíá. Oògùn oníhóró náà wà. Dókítà tó rí inú ojú rẹ̀ ni yóò sọ èyí tó kàn.

Àwọn kan ti ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé Orí rẹ̀ ló ń bínú. Babaláwo ni mí, mo ń bọ Orí. Orí tí omi ń tì yìí, èyí tí a ń di gèlè lé ni.

Mo ti pe arábìnrin náà. Mo tọrọ àforíjì, mo sì sọ fún un pé òwe tí a pa fún un kò bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu. Ó béèrè bóyá gbogbo ilé ni mo ń gbẹnu sọ fún tàbí èmi nìkan. Mo ní èmi nìkan ni, títí di ìpàdé tó ń bọ̀.