Ẹ Má Ṣe Sáré Sọ Ìtàn Àbọ̀ Ilé

Àwọn tí ń náwó sí sinimá lóde òní ti fẹnu kò pé eré tí ó bá ń rọra lọ, tí kò sí ìjà, tí kò sí ìbọn, tí àjẹ́ kankan kò sì fò lójú ọ̀run rẹ̀, kì í ṣe eré tí ọmọ Yorùbá lè jókòó wò tán. Irọ́ ni. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹni tí ó padà sí abúlé baba rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń sáré sọ.

Ní 1998 ni Abderrahmane Sissako gbé La Vie sur Terre jáde, fíìmù ẹni tí ó ti ilẹ̀ Faransé padà sí Sokolo, abúlé baba rẹ̀ ní Mali. Àwọn ọkùnrin jókòó sí ìdí ògiri, wọ́n ń gbọ́ rédíò, bí òjìji ògiri náà sì ti ń fà sẹ́yìn ni wọ́n ń sún àga wọn tẹ̀lé e. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ pa èèrà ni í rí ìfun inú rẹ̀: àga sísún yẹn ti sọ bí ọjọ́ ti ń gùn tó ní abúlé tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti ṣí lọ.

Ẹ wá wo etíkun Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó wàyí, níbi tí òkun ti ń jẹ Molútẹ̀hìn àti Ayétòrò, ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ tẹ̀ dó ní 1947, tí a sì gbé iṣẹ́ ìdènà òkun rẹ̀ fún agbaṣẹ́ṣe ní 2004, tí òkun kò sì tìtorí rẹ̀ dẹ́kun. Rédíò a kéde pé omi gbé ilé lọ, lẹ́yìn náà a polówó ọṣẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó wọ ọkọ̀ ní Igbókòdá, tí ó kọjá lára àwọn ilé orí òpó àti àwọn ìyá tí ń yan ẹja, tí ó wá béèrè ibi tí a sin ìwọ́ rẹ̀ sí, tí àgbà kan sì na ìka sí àárín ìgbì, báwo ni a ó ti sọ tirẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan? Olùdarí tí ó bá gbé kámẹ́rà kúrò níbẹ̀ kíákíá ti ja onílé lólè, ó ja òǹwòran lólè.

Wọ́n á ní òǹwòran kò ní sùúrù. Àwa tí a ń gbọ́ ìjálá di àfẹ̀mọ́júmọ́? Ọ̀rọ̀ àbùkù ni. Lesotho kò ju ìbú ọwọ́ lọ, síbẹ̀ fíìmù Lemohang Mosese ní 2019, nípa opó ẹni ọgọ́rin ọdún tí kò gbà kí omi ìsédò bo ibojì àwọn ènìyàn rẹ̀, rọra rìn títí ó fi gba ẹ̀bùn ní àjọ̀dún fíìmù Sundance, ní Amẹ́ríkà, ní 2020.

Nítorí náà, kí a yé fi pákó kọ́ abúlé irọ́ sí ẹ̀bá Èkó. Kí ìjọba Oǹdó àti àwọn olówó Ìlàjẹ dáwó, kí àwọn ọ̀dọ́ gbé kámẹ́rà lọ sí Molútẹ̀hìn gan-an, kí àwọn apẹja sọ èdè Ìlàjẹ wọn láìṣe àbùlà, kí ẹnikẹ́ni má sì kán wọn lójú. Bí a bá ń fòní dónìí, fọ̀la dọ́la, kò ní sí ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ kámẹ́rà yóò dúró lé.