Ilẹ̀ Ọdún Kan Kì í Sanra

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ la bá dé.

Wọ́n ní tí katakata bá ti tú gbogbo ilẹ̀ wa, a ó là. A kò bá katakata jà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Ṣábẹ kì í ṣe oríṣi kan. Ilẹ̀ ẹsẹ̀ òkè, tí a bá tú u, òjò ló máa gbá ọ̀rá rẹ̀ lọ. Àkùrọ̀ ẹ̀bá odò ń fẹ́ aporo. Iṣu ń fẹ́ ebè, kò sí àríyànjiyàn. Àmọ́ ṣé àgbàdo náà ń fẹ́ ebè tuntun? Ẹ̀wà ńkọ́?

Ìṣirò wa rèé. Ọdún kìíní, iṣu lórí ebè. Ọdún kejì, àgbàdo lójú ebè àtijọ́ láì tún ilẹ̀ tú, kí á gbin mukuna sáàárín rẹ̀: ìbátan yèrèpè tí kì í yún ni. Ọdún kẹta, ẹ̀wà tàbí sóyà. Ẹ̀ẹ̀kan la san owó alágbàṣe ebè láàárín ọdún mẹ́ta.

Kì í ṣe àlá o. Láti 1987 ni àwọn àgbẹ̀ Mono, nílẹ̀ Benin wa níbí, ti ń dán mukuna wò lórí ilẹ̀ tó ti ṣá. Wọ́n rí i pé ó ń pa ẹ̀kan. Òótọ́ ni pé a kì í jẹ èso rẹ̀ bí ẹ̀wà. Èrè rẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀.

Ibẹ̀ gan-an ló ti kan ẹ̀yin olóyè. Ẹni tí ẹ fún ní ilẹ̀ ọdún kan, ṣé ó máa bọ́ ilẹ̀ kí ẹlòmíràn wá jẹ ẹ́? Yóò fa ọ̀rá rẹ̀ gbẹ ni, yóò sì kọjá lọ. Àwọn kan ń bú àlejò pé ó ń ba ilẹ̀ jẹ́. Àdéhùn wa ló ń bà á jẹ́.

Ohun mẹ́ta la ń béèrè. Kí ẹni tó bá gba ilẹ̀ dáko ní ọdún mẹ́rin ó kéré tán, kí ó wà nínú ìwé níwájú ẹlẹ́rìí. Láti ìgbà òfin ilẹ̀ 2013, ìwé ni ìjọba ń bi wá. Kí ẹnikẹ́ni má sun pòpórò oko mọ́, torí òun ni aṣọ ilẹ̀. Kí olóyè, àgbẹ̀ àti darandaran jókòó kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, kí a mọ oko tí màlúù lè wọ̀ àti èyí tí kò gbọdọ̀ wọ̀.

Katakata kò lè ṣe èyí fún wa. Ẹnu yín ló lè ṣe é. À ń retí ìdáhùn yín.