Ẹni Tí Ó Jogún Orin Kì Í Ṣe Olè

Àwọn kan ń pe olórin tí ó bá gba ohùn àgbà lò ní olè. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Oníjàlá Ìjàyè kì í ṣíde eré láìjúbà ọ̀gá rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ó ń fi tirẹ̀ kún un. Inú wéré, orin sáàrì, ni Síkírù Àyìndé Barrister ti fa fújì yọ. Ọlá Rótìmí sọ ìtàn Kúrunmí, ẹni tí Ìbàdàn fọ́ ìlú rẹ̀ ní 1862, di eré ní 1969. Kí ni Ìjàyè pàdánù? Ẹni tí a ń bá wí ni ẹni tí ó gba owó lórí orin àgbà, tí kò sì dárúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin olóyè, ẹ má ṣe pè é sóde yín títí yóò fi júbà.