Kó Tó Jẹ Irin, Ẹ Pààrọ̀ Búùṣì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ ohun kékeré kan ni mo fẹ́ sọ lónìí: búùṣì ìtọ́kọ̀. Ìtọ́kọ̀ ni abẹ́ pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ ojú omi, òun ló ń darí rẹ̀. Tí ẹ bá rí ọkọ̀ onígbòkun kékeré tí ara rẹ̀ jẹ́ méjì tí wọ́n so pọ̀, catamaran nìyẹn. Hobie 16 wà lára èyí tó gbajúmọ̀ jù lágbàáyé. Wọ́n ti ṣe ju 100,000 lọ. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Lagos Yacht Club, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1932, náà ń fi í díje lójú omi Èkó.

Ìtọ́kọ̀ méjì ló ní, píìnì irin ló sì so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ọkọ̀. Búùṣì ike ló wà láàárín píìnì àti ihò rẹ̀. Iṣẹ́ búùṣì ni pé kí òun jẹ, kí irin má baà jẹ. Ó tún ń ya irin píìnì sọ́tọ̀ kúrò lára alumíníọ̀mù, torí tí àwọn méjèèjì bá fara kanra nínú omi iyọ̀, alumíníọ̀mù ló máa kọ́kọ́ bàjẹ́.

Àwọn kan á ní, "Ṣebí ó kàn ń mì díẹ̀ ni?" Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní ihò òkè àti ti ìsàlẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 15 jìnnà síra. Tí ti ìsàlẹ̀ bá fi mílímítà 1 péré jẹ, ẹnu ìtọ́kọ̀ tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 75 sí ti òkè á máa fi mílímítà 5 mì. Tí eré ọkọ̀ bá sì di ìlọ́po méjì, agbára omi lára ìtọ́kọ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, kì í ṣe mímì fún adìyẹ.

Níbí ní Kirikiri, ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì ló pọ̀ ju onígbòkun lọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ń yí lórí búùṣì. Tí ó bá ti jẹ, ohun tí mo máa ń gbọ́ ni, "Fi gíríìsì sí i, ó ṣì ń ṣiṣẹ́." Èmi ò gbà. Gíríìsì kì í dí àlàfo. Iyanrìn tún máa ń lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó sì máa ń ha búùṣì bíi sáńpépà.

Ẹ wọ́ ọkọ̀ gòkè, ẹ di ẹnu ìtọ́kọ̀ mú, kẹ́ ẹ mì ín. Tó bá ń jó, ẹ yọ píìnì, ẹ ti búùṣì àtijọ́ jáde, ẹ fọ ihò náà mọ́, kẹ́ ẹ fi tuntun sí i. Tí èékánná yín bá kọ́ lára píìnì, òun náà ti jẹ nìyẹn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ ṣe ìtọ́kọ̀ méjèèjì pọ̀, torí ọ̀pá kan ló so wọ́n. Tí ọ̀kan bá tú, wọn ò ní kọjú síbì kan náà mọ́.

Tẹ́ ò bá rí búùṣì rà, ẹni tó ní ẹ̀rọ lathe lè gbẹ́ ẹ. Àmọ́ ẹ sọ fún un pé nylon máa ń fa omi mu, ó sì máa ń wú. Acetal dáa jù ú lọ.

Gbogbo wa ló ń béèrè life jacket ká tó wọ ọkọ̀, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ó yẹ ká tún máa bi awakọ̀ léèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo lẹ pààrọ̀ búùṣì yín?" Búùṣì ní ààrọ̀. Ẹ̀mí ò láàrọ̀.