Ẹ bi AI yín: ibo lo ti wá a?

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi AI kọ kóòdù, èwo ló gbọ́n jù lẹ ń bá ara yín jà lé lórí. Lójú tèmi, bó ṣe ń wá nǹkan ló yẹ kẹ́ ẹ máa bi í.

Ní 2015, kóòdù Google tó wà lójú kan ti tó bílíọ̀nù 2 ìlà, nínú fáìlì mílíọ̀nù 9. Kò sí AI tó lè ka ìyẹn tán lẹ́ẹ̀kan. Àfi kó wá ibi tó máa kà. Àwọn kan ń lo grep, irinṣẹ́ tí Ken Thompson ṣe ní Bell Labs ní nǹkan bí 1973. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fún un gan-an ló ń wá, kò mọ ìtumọ̀. Tẹ́nì kan bá pe owó iṣẹ́ ní "fee", tẹ́lòmíràn pè é ní "charge" nínú fáìlì míì, AI lè tún ọ̀kan ṣe kó ní òun ti parí. Owó oníbàárà ló máa jìyà ẹ̀. Irinṣẹ́ tó ń fi ìtumọ̀ wá nǹkan lè rí méjèèjì, ṣùgbọ́n tí wọn ò bá tún àkójọ rẹ̀ tò, kóòdù àná ló máa gbé wá.

Òfin ni mo kà. Agbẹjọ́rò tó fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo wá ẹjọ́ kò gbọdọ̀ sọ fún adájọ́ pé kò sírú ẹ̀ rí.

Ẹ máa lò ó o, mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó gba iṣẹ́ rẹ̀ wọlé, ẹ bi í: ọ̀rọ̀ wo lo fi wá a? Fáìlì wo lo ò ṣí? Tí nǹkan bá bàjẹ́, ẹ̀yin lọ̀gá máa pè.