Ariwo Kò Lè Dá Olówó Kíláàbù Dúró, Ìwé Ni

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2007, Didier Drogba kó ikọ̀ orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire wọ Bouaké, wọ́n sì na Madagascar ní 5-0. Drogba fúnra rẹ̀ ló jẹ góòlù karùn-ún. Láti oṣù Kẹsàn-án 2002 ni ìlú náà ti wà lọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀, nítorí náà bí bọ́ọ̀lù ṣe bá wọn pẹ̀tù sí ogun ni gbogbo ayé ń sọ títí dòní. Ìtàn tó dára ni, mi ò sì ní bù ú kù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó kan wà nídìí ọkùnrin tó wọ Bouaké lọ́jọ́ náà, òun ni mo fẹ́ ká gbé yẹ̀wò.

Sáà tí Drogba ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní Chelsea nígbà náà, sáà ìjà ni. Roman Abramovich, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà tó ra kíláàbù náà ní 2003, ti fi nǹkan bíi mílíọ̀nù 30 pọ́n-ùn ra Andriy Shevchenko láti AC Milan ní 2006. Ọ̀rẹ́ olówó ni Shevchenko. Ohun tí àwọn tó sún mọ́ kíláàbù náà sọ ni pé José Mourinho, akọ́nimọ̀ọ́gbá, kò tọrọ rẹ̀. Drogba ló ní níwájú, ó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nígbà tí wọ́n ka góòlù lópin sáà, Drogba ti jẹ 20 nínú líìgì, Shevchenko jẹ 4. Iye góòlù yẹn kò gba Mourinho sílẹ̀. Kò pé oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Bouaké tó fi kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù.

Nítorí Drogba ni Chelsea ṣe gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní Côte d'Ivoire. Ní Bouaké, àwọn ọmọ wa láti Èjìgbò àti Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń tajà lọ́jà máa ń pàdé àwọn ẹ̀yà Baoulé àti Dioula ní maquis, ilé oúnjẹ níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja, tí attiéké tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe kún inú àwo, tí tẹlifíṣọ̀n sì wà lókè lára ògiri. Wọn kì í gba owó ìwọlé, ṣùgbọ́n ta ló lè jókòó fún 90 ìṣẹ́jú láìra nǹkan mu? Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti máa ń le. Àbúrò á ní kí ló kan olówó nínú ẹni tó máa wọ jẹ́sì nọ́ńbà 9. Ẹ̀gbọ́n á dá a lóhùn pé ẹni tó lẹrú ló lẹrù, kó jẹ́ kí onílé tún ilé rẹ̀ ṣe bó ṣe wù ú.

Mo ti gbọ́ òwe yẹn nínú ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù títí ó fi sú mi. Mi ò gbà á, nítorí kò béèrè ọwọ́ ẹni tí ẹrù náà ti wá. Nígbà tí Todd Boehly àti ilé iṣẹ́ Clearlake san bílíọ̀nù 2.5 pọ́n-ùn láti ra Chelsea lọ́wọ́ Abramovich ní oṣù Karùn-ún 2022, kì í ṣe bàtà àti bọ́ọ̀lù ni wọ́n rà. Àwọn ènìyàn ni wọ́n rà: ẹni tó ń ra jẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tó ń san owó tẹlifíṣọ̀n Canal+ ní Bouaké, ẹni tó ń jókòó sí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ní Òṣogbo. Bí àwọn wọ̀nyí bá dìde kúrò, kò ní ku nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni á fi bílíọ̀nù rà.

Olówó tuntun náà kò fi àkókò ṣòfò. Boehly fi ara rẹ̀ ṣe adarí eré ìdárayá fúngbà díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń dúnàá-dúrà lórí àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, lọ́jọ́ kejì tí Dinamo Zagreb nà wọ́n ní 1-0, ó lé Thomas Tuchel, ẹni tó gba ife àwọn akọni ilẹ̀ Yúróòpù fún wọn ní 2021. Graham Potter wọlé, Graham Potter jáde. Ipò kejìlá ni wọ́n parí sí.

Àwọn olólùfẹ́ rò pé aṣiwèrè ni ọkùnrin náà. Kì í ṣe aṣiwèrè. Ìwé ìṣirò owó ló ń kà, nígbà tí àwa ń ka góòlù. Bí kíláàbù bá ra ọmọkùnrin kan ní mílíọ̀nù 80, tó sì fún un ní àdéhùn ọdún 4, mílíọ̀nù 20 ni yóò kọ sílẹ̀ bí ìnáwó lọ́dọọdún. Bó bá jẹ́ ọdún 8, mílíọ̀nù 10 péré ni. Ìdí nìyẹn tí Mykhailo Mudryk, agbábọ́ọ̀lù tí Chelsea rà, fi gba àdéhùn ọdún mẹ́jọ ààbọ̀ ní oṣù Kìíní 2023. UEFA, àjọ bọ́ọ̀lù Yúróòpù, rí ọgbọ́n náà, wọ́n sì pa á láṣẹ lọ́dún yẹn kan náà pé iye tó bá ju ọdún 5 lọ kò ní wọ ìṣirò mọ́. Lójú ẹni tó ń ṣírò báyìí, ọmọ ogún ọdún tí wọ́n lè tún tà ni ọjà. Ọkùnrin ọgbọ̀n ọdún tí akọ́nimọ̀ọ́gbá nílò láti gba ife, ìnáwó ni. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó bá sì ta ko ìṣirò náà kò ní pẹ́ níbẹ̀.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè nìkan ni. Lọ́dọ̀ wa ló le jù, torí owó kò sí. Bouaké ní kíláàbù Alliance, ó ní Bouaké FC. Ó ní Stade de la Paix, pápá tí wọ́n kọ́ fún ife Áfíríkà 1984, tí ìjọba sì tún kọ́ fún ti 2023, tó lè gba nǹkan bí 40,000 ènìyàn. Inú rẹ̀ ni Nàìjíríà ti fi pẹnárítì lé South Africa lọ ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì 2024, tí Stanley Nwabali mú méjì, tí Kelechi Iheanacho gbá èyí tó parí ọ̀rọ̀. Àga kún lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n líìgì abẹ́lé kì í rí irú èrò bẹ́ẹ̀. Owó tíkẹ́ẹ̀tì kò tó san owó ọkọ̀ ìrìn àjò, owó tẹlifíṣọ̀n kéré, nítorí náà àpò ààrẹ kíláàbù ni owó oṣù ti ń jáde. Kí ló máa fi rí owó rẹ̀ gbà padà? Àfi kó ta ọmọ. Tí aṣojú kan bá ti Faransé dé láti wo ọmọkùnrin kan, ààrẹ á pe akọ́nimọ̀ọ́gbá lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, pé kí ọmọ yẹn bẹ̀rẹ̀ eré. Ẹni tó ń tajà, iwájú ṣọ́ọ̀bù ló ń gbé èyí tó fẹ́ tà sí. Àwọn tó sanwó wọlé á rí i pé ẹni tó yẹ kó gbá wà lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á bú akọ́nimọ̀ọ́gbá, ọ̀rọ̀ kò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀ rárá.

Bouaké ni wọ́n bí Kolo Touré àti Yaya Touré sí. ASEC Mimosas l'Ábíjàn ló kọ́ wọn, nínú ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù tí Jean-Marc Guillou, ọmọ Faransé, dá sílẹ̀ pẹ̀lú kíláàbù náà. Ní 1989 ni Roger Ouégnin, agbẹjọ́rò, di ààrẹ ASEC. Ẹ jẹ́ ká fún un lẹ́tọ̀ọ́ rẹ̀: lábẹ́ rẹ̀ ni ASEC ti gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì 108 láìfìdí rẹmi, lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti gba ife àwọn akọni Áfíríkà ní 1998. Olówó tó ń dá sí gbogbo nǹkan lè jẹ́ ẹni tó kọ́lé náà láti ìpìlẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí òun àti Guillou jà, Guillou gba Bẹ́ljíọ̀m lọ, àwọn ọmọ tó ti kọ́ sì ń tẹ̀ lé e lọ sí kíláàbù Beveren lọ́kọ̀ọ̀kan. Yaya wà lára wọn. Àwọn tó ń wò wọ́n kò rí wọn wò mọ́. Àwọn alátìlẹ́yìn ASEC ń pe ara wọn ní Actionnaires, bí ẹni tó ní ìpín nínú ilé iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè nígbà tí àwọn ọmọ náà ń lọ.

Owó ibẹ̀ kò kéré. Òfin FIFA ní ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n bá fi ra agbábọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ àwọn kíláàbù tó tọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 títí dé 23. Nígbà tí Manchester City ra Yaya láti Barcelona ní 2010, nǹkan bíi mílíọ̀nù 24 pọ́n-ùn ni. Ìdá 5 rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 1.2. Ṣùgbọ́n owó yìí kì í wá ẹni tí kò ní ìwé. Ẹgbẹ́ àdúgbò tí ọmọ ti fi ẹsẹ̀ lásán gbá bọ́ọ̀lù, tí kò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù, kò ní rí kọ́bọ̀.

Àwa ní ilẹ̀ Yorùbá náà rí tiwa. Leventis United ti Ìbàdàn, kíláàbù ilé iṣẹ́ Leventis, gba ife FA ní 1984 àti 1986, ó gba líìgì ní 1986, ó sì bá Al Ahly dé àṣekágbá ife Áfíríkà fún àwọn kíláàbù tó gba ife orílẹ̀-èdè wọn ní 1985. Abiola Babes l'Ábẹ́òkúta gba ife FA ní 1985 àti 1987. Àwọn olówó wọ̀nyí nífẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀lù, wọ́n sì náwó sí i. Níbo ni kíláàbù méjèèjì wà lónìí? Olówó jáwọ́, ó tán. Àwọn tó ń ti Ìbàdàn àti Ẹ̀gbá tẹ̀ lé wọn kiri kò ní ibi tí wọ́n lè lọ fẹjọ́ sùn.

Ohun tó mú mi kọ àròkọ yìí gan-an nìyí. Abramovich tó lágbára tó bẹ́ẹ̀, tó ń lé akọ́nimọ̀ọ́gbá bó ṣe wù ú, àwọn kan wà tí wọ́n sọ fún un pé rárá, tó sì gbọ́. Ní 1993, àwọn olólùfẹ́ Chelsea bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìpín nínú ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Chelsea Pitch Owners. Láti 1997, ẹgbẹ́ yìí ló ni ilẹ̀ tí pápá Stamford Bridge wà lórí rẹ̀, òun ló sì ni orúkọ kíláàbù náà. Bí kíláàbù bá kó lọ gbá bọ́ọ̀lù níbòmíràn láìgba àṣẹ wọn, kò lè jẹ́ Chelsea mọ́. Ní oṣù Kẹwàá 2011, Abramovich fẹ́ ra ilẹ̀ náà padà, owó tí ó ná wọn sì jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ààbọ̀ pọ́n-ùn, ìyẹn ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn lórí ìpín kọ̀ọ̀kan. Fún ẹni tó ti ra Shevchenko ní mílíọ̀nù 30! Wọ́n dìbò. Ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ló nílò, ìdá 61.6 ló rí. Ilẹ̀ náà ṣì wà lọ́wọ́ àwọn olólùfẹ́ títí dòní, Boehly náà bá a níbẹ̀.

Ẹ wò ó dáadáa. Láti 2003, kò sí ariwo tó dá Abramovich dúró lórí akọ́nimọ̀ọ́gbá tàbí agbábọ́ọ̀lù. Ibi tí wọ́n ti fi ìbò dá a dúró ni ibi tí àwọn ènìyàn ti ní ìwé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Barcelona, níbi tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń dìbò yan ààrẹ: nígbà tí ọ̀rọ̀ Josep Maria Bartomeu sú wọn ní 2020, àwọn tó lé ní 20,000 fọwọ́ sí ìwé pé kó lọ, ó sì kọ̀wé fipò sílẹ̀ kó tó di pé wọ́n dìbò. Ní Jámánì, òfin ti wà láti 1998 pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló gbọ́dọ̀ ní ìbò tó pọ̀ jù nínú kíláàbù. Ní oṣù Kejì 2024, oṣù kan náà tí Nàìjíríà gbá bọ́ọ̀lù ní Bouaké, àwọn olólùfẹ́ wọn ń ju bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì sórí pápá lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ nítorí àjọ líìgì fẹ́ ta ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó tẹlifíṣọ̀n fún olùdókòòwò fún 20 ọdún, ní nǹkan bíi bílíọ̀nù kan yúrò. Àjọ náà pa ètò yẹn tì kí oṣù tó parí. Bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì kọ́ ló dẹ́rù bà wọ́n. Ìbò tó wà lọ́wọ́ àwọn tó ń jù ú ni. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti ṣòfin ní oṣù Keje 2025 tó dá aláṣẹ kan sílẹ̀ láti máa yẹ àwọn olówó kíláàbù wò.

Àwọn kan á ní lílé akọ́nimọ̀ọ́gbá máa ń so èso, wọ́n á sì tọ́ka sí Bouaké kan náà. Òótọ́ ni. Equatorial Guinea na Côte d'Ivoire ní 4-0 ní oṣù Kìíní 2024, àjọ bọ́ọ̀lù wọn lé akọ́nimọ̀ọ́gbá Jean-Louis Gasset láàárín ìdíje ife Áfíríkà, Emerse Faé bọ́ sípò, ó borí Mali ní Bouaké pẹ̀lú ènìyàn mẹ́wàá, ó sì gba ife. Mo bá wọn yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó léwu ló fi sọ́kàn àwọn olówó, torí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ lé akọ́nimọ̀ọ́gbá lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé ni yóò máa pe orúkọ Faé.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa ní Bouaké, ẹ̀yin tí ẹ ń dáwó jọ fún kíláàbù ìlú yín ní Èjìgbò, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìbàdàn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìdáwó yín sílẹ̀ ní ọ̀fẹ́ mọ́. Kí ẹ tó san ti sáà tó ń bọ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé òfin kíláàbù pé alátìlẹ́yìn méjì yóò jókòó nínú ìgbìmọ̀, pé orúkọ àti àwọ̀ kíláàbù kò ṣeé tà láìjẹ́ pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dìbò, àti pé ààrẹ yóò ka ìṣirò owó ọmọ tí wọ́n tà síwájú yín lọ́dọọdún. Bí ó bá kọ̀, ẹ mú owó yín padà sílé.